Iná pọ̀ jù, tẹlifísọ̀n ò tàn mọ́: bí a ṣe lè mọ ibi tó ti bàjẹ́

Iná lọ, iná dé, tẹlifísọ̀n ò sì tàn mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́, tàbí lọ́dọ̀ àwọn ará wa ní ìhà Atakpamé ní Tógò. Ohun tó máa ń tẹ̀lé e náà kì í ṣe tuntun. Àwọn kan á gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́ tó bá ní tournevis lọ́wọ́. Àwọn kan á tì í sí kọ̀rọ̀, wọ́n á ní ó ti kú. Àwọn kan á ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ fúnra wọn. Ti àkọ́kọ́ lè gba owó yín lásán, ti ìkejì lè mú kí ẹ sọ ohun tó ṣì dáa nù, ti ìkẹta sì lè gba ẹ̀mí.

Tẹlifísọ̀n kan lábúlé lè jẹ́ owó gàrí tí ìyá kan fi ọ̀pọ̀ oṣù kó jọ. Nítorí náà, a fẹ́ to ohun tí ẹ lè yẹ̀ wò fúnra yín lẹ́sẹẹsẹ láì ṣí i rárá, àti ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ fún oníṣẹ́.

Kí ni iná àpọ̀jù, ọ̀nà wo ló ń gbà wọlé?

Iná tó ń wọ ilé wa ní Benin àti Tógò jẹ́ volt 220 sí 230. Ẹ wo ẹ̀yìn tẹlifísọ̀n yín, ẹ máa rí ìwé kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Lára ọ̀pọ̀ tẹlifísọ̀n pẹlẹbẹ ayé òde òní, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni "100-240 V". Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí iná bá tiẹ̀ lọ sílẹ̀ dé 150, irú tẹlifísọ̀n bẹ́ẹ̀ ṣì lè ṣiṣẹ́. Àmọ́ bí iná bá kọjá 240 lọ jìnnà, ó ti wà nínú ewu nìyẹn. Iná tó rẹlẹ̀ kọ́ ló sábà ń pa á, iná tó ga ni.

Ọ̀nà mẹ́ta ni iná àpọ̀jù sábà máa ń gbà wọlé:

1. Àrá. Kò dìgbà tí àrá bá sán lu ilé yín gan-an. Bó bá sán lu òpó iná tàbí ilẹ̀ nítòsí, agbára rẹ̀ lè gba inú wáyà iná wọlé. Ó sì tún lè gba inú wáyà antenne tó wà lórí òrùlé, kó bọ́ sínú décodeur, kó ti ibẹ̀ wọ tẹlifísọ̀n.

2. Ìpadàbọ̀ iná. Nígbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, gbogbo frigo, fáànù àti ẹ̀rọ omi tó wà ládùúgbò ló ń fa iná lẹ́ẹ̀kan náà. Iná á máa lọ sókè, á máa lọ sílẹ̀, kó tó fìdí múlẹ̀.

3. Neutre tó já. Eléyìí ló burú jù, òun sì ni àwọn èèyàn mọ̀ kéré jù. Lórí òpó tó ń pín iná fún àdúgbò, phase mẹ́ta ló wà àti neutre kan. Láàárín phase kan àti neutre, volt 230 ló wà. Láàárín phase kan sí èkejì, ó tó volt 400, èyí tí àwọn oníná àtijọ́ ṣì ń pè ní 380. Bí neutre bá já lójú ọ̀nà, àwọn ilé tó wà lórí phase ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ á wá máa pín 400 yẹn láàárín ara wọn, wọn ò sì ní pín in dọ́gba. Ilé tí kò tan ohun púpọ̀ ló máa ń gba èyí tó ga jù. Ìdí nìyẹn tí ampoule fi lè mọ́lẹ̀ yòò nílé yín, kó sì máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ nílé aládùúgbò yín lákòókò kan náà.

Ààbò ló ṣáájú

A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Kí ẹ tó yẹ ohunkóhun wò, ẹ yọ fiche tẹlifísọ̀n kúrò nínú prise. Kò tó pé kí ẹ fi télécommande pa á.

Ẹ wá wo ilé. Bí àwọn ampoule bá ń mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, tí fáànù ń sáré ju ti tẹ́lẹ̀, tàbí tí ampoule ń jó níkọ̀ọ̀kan, ẹ rẹ disjoncteur tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ compteur sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí gbogbo ilé wà láìsí iná. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn aládùúgbò, kí ẹ sì pe àwọn oníná: SBEE ni ní Benin, CEET ni ní Tógò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọkùnrin àdúgbò kankan gun òpó lọ so wáyà náà, bó ti wù kó mọ iṣẹ́ tó.

Ọ̀pọ̀ ló ń fi tournevis tó ní ampoule kékeré nínú dán prise wò. Ó dáa láti mọ̀ bóyá iná wà, ṣùgbọ́n kò lè sọ iye iná tó wà níbẹ̀ fún yín. Bó ṣe ń tàn ní 230 náà ló ń tàn ní 400. Multimètre nìkan ló lè sọ ìyẹn.

Bí ẹ bá gbóòórùn ohun tó jó lẹ́yìn tẹlifísọ̀n, tí èéfín jáde, tàbí tí ẹ gbọ́ "pàó" nígbà tí iná dé, ẹ má ṣe kì í bọ iná mọ́. Kò sí ohun tí ẹ tún ń dán wò. Ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ ló ń lọ.

Ẹ má sì ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, kódà bí ẹ bá ti yọ ọ́ kúrò nínú iná. Condensateur ńlá kan wà nínú rẹ̀ tó ń tọ́jú iná pa mọ́. Bí iná 230 bá wọ ibẹ̀, ó máa ń di nǹkan bí volt 320 nínú condensateur yìí, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ fiche. Ti tẹlifísọ̀n àtijọ́ oníkùn ńlá tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹgbẹẹgbẹ̀rún volt ló ń wọ ẹ̀yìn gíláàsì rẹ̀. Ìbí ni àwọn ọmọdé ti ń ṣèṣe, nítorí wọ́n rò pé ohun tí kò sí nínú prise kò lè gbá èèyàn mú.

Ṣé ilé ló ní ẹ̀dùn ni, àbí tẹlifísọ̀n?

Nígbà tí iná ilé bá ti padà sípò, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn jù.

Àkọ́kọ́, ẹ fi ohun mìíràn dán prise náà wò, bíi lámpù tàbí fáànù. Bí kò bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tó sì ń ṣiṣẹ́ níbòmíràn, prise tàbí wáyà ògiri ló ní ẹ̀dùn.

Ìkejì, ẹ yọ ohun gbogbo tó wà láàárín: multiprise, rallonge, régulateur. Ẹ ki tẹlifísọ̀n bọ prise ògiri tó dáa tààrà. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé régulateur tàbí multiprise ló gba ìyà náà jẹ, tí tẹlifísọ̀n fúnra rẹ̀ ò sì ní nǹkan kan. Àwọn multiprise kan ní fusible nínú. Ẹni tí kò yẹ èyí wò lè sanwó àtúnṣe fún ohun tí kò bàjẹ́.

Ìkẹta, bí wáyà iná tẹlifísọ̀n bá jẹ́ irú èyí tó ń yọ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi irú rẹ̀ mìíràn tó dáa rọ́pò.

Ìkẹrin, ẹ jẹ́ kó sinmi. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iná, ẹ yọ antenne, décodeur, clé USB àti gbogbo wáyà tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnì tó wà lára tẹlifísọ̀n mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí ẹ tó padà fi sínú iná, òun nìkan. Tẹlifísọ̀n òde òní ní ààbò nínú: bó bá rí iná tí kò yé e, ó lè ti ara rẹ̀ pa, kó sì wà bẹ́ẹ̀. Ìsinmi yìí nìkan ti jí ọ̀pọ̀ dìde.

Ẹ ka ohun tí iná kékeré náà ń sọ

Lábẹ́ ojú tẹlifísọ̀n, iná kékeré kan wà, pupa ló sábà máa ń jẹ́. Òun ni ẹlẹ́rìí tó dáa jù tí ẹ ní.

Kò tàn rárá. Iná ò dé ibi tó yẹ kó dé nínú. Lọ́pọ̀ ìgbà, fusible ti jó, tàbí àwo tó ń ṣètò iná, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní alimentation, ló bàjẹ́. Òun sì ni iná àpọ̀jù máa ń kọ́kọ́ pa.

Ó tàn, ó dúró, ṣùgbọ́n tẹlifísọ̀n ò ṣí. Ẹ má tíì sọ pé ó ti bàjẹ́. Ẹ tẹ bọ́tìnì ara rẹ̀. Bó bá ṣí, télécommande ló ní ẹ̀dùn. Láti mọ̀, ẹ ṣí kámẹ́rà iwájú fóònù yín, ẹ kọjú télécommande sí i, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Bó bá dáa, ẹ máa rí ìmọ́lẹ̀ kékeré tó ń ṣẹ́jú lójú fóònù, bẹ́ẹ̀ ojú lásán ò lè rí i. Bí kò bá sí ìmọ́lẹ̀, ẹ pààrọ̀ pile rẹ̀ ná. Àmọ́ bí bọ́tìnì ara tẹlifísọ̀n náà ò bá ṣí i, ẹ̀dùn wà lórí alimentation tàbí lórí àwo ńlá tó jẹ́ ọpọlọ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní carte mère.

Ó ń ṣẹ́jú. Ẹ ka iye ìgbà tó ń ṣẹ́jú kó tó dúró, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe tẹlifísọ̀n, iye yẹn ní ìtumọ̀: ó ń sọ apá ibi tí ẹ̀dùn wà. Oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fún nọ́ńbà yẹn.

Ohùn wà, àwòrán ò sí

Bí ẹ bá ń gbọ́ ohùn, tí ojú rẹ̀ sì dúdú, ẹ dúró di alẹ́ tàbí kí ẹ ti fèrèsé. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ mú un sún mọ́ ojú tẹlifísọ̀n, kó dà gẹ̀gẹ̀rẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá rí òjìji àwòrán tó ń lọ tó ń bọ̀ nísàlẹ̀ ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì náà, àwòrán wà níbẹ̀, iná tó yẹ kó tan ìmọ́lẹ̀ sí i láti ẹ̀yìn ni kò tàn. Àwọn LED kéékèèké tó tò sẹ́yìn ojú rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Wọ́n ṣeé pààrọ̀.

Bí ẹ ò bá rí òjìji kankan, ẹ̀dùn lè wà lórí carte mère, lórí àwo tó ń fún ojú rẹ̀ láṣẹ, tàbí lórí ojú náà fúnra rẹ̀.

Bí ẹ bá sì rí ìlà gígùn olóríṣiríṣi àwọ̀ tí kò kúrò, tàbí apá kan tó dúdú bíi pé wọ́n da yíǹkì sí i, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ojú rẹ̀ ló bàjẹ́. Ìyẹn ló wọ́n jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ó ṣí, ṣùgbọ́n kò mú ìkànnì kankan

Èyí wọ́pọ̀ lẹ́yìn àrá. Tẹlifísọ̀n tàn, ó sì kọ ọ́ pé kò rí nǹkan kan. Àrá tó gba antenne wọlé lè pa décodeur nìkan, tàbí kó pa ihò HDMI tí wọ́n so décodeur mọ́. Ẹ ṣe é báyìí: ẹ so décodeur mọ́ ihò HDMI mìíràn. Bó bá mú, ihò àkọ́kọ́ nìkan ló kú, ẹ sì lè máa lo èkejì láì san kọ́bọ̀. Bí kò bá mú, ẹ gbé décodeur lọ sára tẹlifísọ̀n aládùúgbò. Bí kò bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ náà, décodeur tàbí antenne lẹ máa tún ṣe. Ẹ tún lè fi clé USB tó ní fídíò nínú dán tẹlifísọ̀n wò: bó bá ń fi fídíò hàn dáadáa, ojú rẹ̀ àti alimentation rẹ̀ ò ní nǹkan kan.

Ohun tí oníṣẹ́ máa bá nínú rẹ̀

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n, kì í ṣe kí ẹ lè ṣe é fúnra yín, bí kò ṣe kí ẹnikẹ́ni má baà fi àìmọ̀ yín jẹun.

Ibi tí iná ti wọlé ni fusible wà. Ohun kan tó ń jẹ́ varistance máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó rí pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ. Nígbà tí iná bá dáa, varistance ò ṣe nǹkan kan. Bí iná bá ga ju ìwọ̀n rẹ̀, ó máa ń ṣílẹ̀kùn fún un lójijì, iná púpọ̀ á gba fusible kọjá, fusible á jó, ọ̀nà á sì dí. Àwọn méjèèjì ló fi ara wọn rúbọ fún àwọn tó kù. Bó bá jẹ́ pé àwọn nìkan ló lọ, àtúnṣe náà ò gbọdọ̀ wọ́n.

Lẹ́yìn wọn ni diode mẹ́rin tó ń tún iná ṣe, lẹ́yìn náà condensateur ńlá tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ara rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ 400 V tàbí 450 V sí. Bí iná 400 bá wọlé nítorí neutre tó já, ohun tó máa dé inú condensateur yìí lè ju volt 550 lọ. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi máa ń wú tàbí kó bẹ́.

Fusible náà ní ohun tó ń sọ. Bí gíláàsì rẹ̀ bá mọ́, tí okùn inú rẹ̀ kàn já, ohun tó gbé e lọ lè má pọ̀. Bí gíláàsì rẹ̀ bá dúdú tàbí tó fọ́, iná tó pọ̀ gan-an ló gba ibẹ̀ kọjá, ohun mìíràn sì ti jó lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá kàn pààrọ̀ fusible bẹ́ẹ̀ láì wá ohun tó pa á, tuntun náà máa jó. Oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n máa ń so ampoule àtijọ́, irú èyí tó ń gbóná, mọ́ ojú ọ̀nà iná kó tó dán an wò. Bí ampoule yẹn bá tàn gidi tí kò sì rọlẹ̀, nǹkan ṣì ń jó nínú.

Ẹ má gbà láéláé kí wọ́n fi wáyà lásán so ibi tí fusible wà, tàbí kí wọ́n fi èyí tó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ síbẹ̀. Bí wọ́n bá kọ "T3,15A 250V" sára ti àkọ́kọ́, ohun kan náà ló gbọ́dọ̀ wà lára tuntun. Tẹlifísọ̀n tí kò ní fusible tó tọ́ lè sun ilé lóru.

Bí ẹ ṣe máa bá oníṣẹ́ sọ̀rọ̀

Ẹ má kàn sọ pé "kò ṣiṣẹ́". Ẹ sọ fún un pé: ọjọ́ báyìí ni, iná lọ ó sì dé, tàbí àrá sán, iná kékeré rẹ̀ tàn tàbí kò tàn, ó ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀melòó, a gbọ́ ohùn tàbí a ò gbọ́. Ẹ wá bèèrè nǹkan mẹ́rin:

- Apá wo ló bàjẹ́, kí ni orúkọ rẹ̀?
- Ṣé àtúnṣe lórí àwo náà ni, àbí ẹ máa pààrọ̀ àwo náà pátápátá?
- Èló ni gbogbo rẹ̀, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀?
- Ṣé a lè gba ohun tí ẹ yọ kúrò padà?

Kí ẹ tó fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ fi fóònù ya àwòrán ìwé tó wà lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí nọ́ńbà rẹ̀ wà.

Ṣé kí a tún un ṣe, àbí kí a ra òmíràn? Alimentation àti LED ẹ̀yìn sábà máa ń ṣeé tún ṣe lówó tó mọ níwọ̀n. Carte mère dá lórí bóyá wọ́n rí irú rẹ̀ rà. Bó bá jẹ́ ojú rẹ̀ ló lọ, owó rẹ̀ sábà máa ń sún mọ́ ti tẹlifísọ̀n mìíràn. Lójú tiwa, bí àtúnṣe bá ti kọjá ìdajì owó tí ẹ máa fi ra irú rẹ̀, ó yẹ kí ẹ tún un rò.

Kó má baà tún ṣẹlẹ̀

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ní gúúsù Benin, láti oṣù kẹta sí oṣù keje, àti láti oṣù kẹsàn-án sí oṣù kọkànlá, ni òjò máa ń rọ̀ jù, àrá náà sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, ẹ yọ fiche, kí ẹ sì yọ wáyà antenne pẹ̀lú. Ẹni tó yọ ọ̀kan tó fi èkejì sílẹ̀ ò tíì ti ilẹ̀kùn. Bí àrá bá sì ti ń sán nítòsí, ẹ má fọwọ́ kan wáyà mọ́.

Bí iná bá lọ, ẹ yọ tẹlifísọ̀n. Bó bá dé, ẹ jẹ́ kó tó ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó dá a padà.

Régulateur àti parafoudre kì í ṣe ohun kan náà. Régulateur ń gbé iná tó rẹlẹ̀ sókè, ó sì ń rẹ èyí tó ga díẹ̀ sílẹ̀. Parafoudre ló ń darí iná òjijì bíi ti àrá sínú ilẹ̀, kò sì lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa bí ilé ò bá ní prise de terre tó dáa. Bí neutre bá já, ohun tó ń gé iná fúnra rẹ̀ nígbà tó bá ga jù ni ẹ nílò. Ẹ bi oníná tó mọ iṣẹ́ léèrè èyí tó yẹ ilé yín.

Bí ó bá sì jẹ́ pé gbogbo àdúgbò ni iná bá ohun wọn jẹ́ lọ́jọ́ kan náà, ẹ má dákẹ́ níkọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí àti ohun tó bàjẹ́ nílé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ẹ tọ́jú ìwé tí ẹ fi rà á, kí ẹ jọ lọ sí ọ́fíìsì àwọn oníná pẹ̀lú ìwé tí gbogbo yín fọwọ́ sí. Neutre tí wọn ò tún ṣe lónìí máa já padà lọ́la, tẹlifísọ̀n tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sanwó rẹ̀ ló sì máa kọ́kọ́ bá.